Obìnrin Tí Mo Pè Ní Alágbo

Màámi ọ̀wọ́n,

Ó ti pé ọdún méjì tí ẹ ti lọ, n kò sì tíì kọ nǹkan kan sí yín rí. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti fẹ́ kọ̀wé yìí, àmọ́ bí mo bá ti mú bíírò, ojú á tì mí, màá tún gbé e sílẹ̀. Lónìí mo ní kí n kọ ọ́ bó bá ṣe wá. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, ẹ ṣáà jẹ́ kó tún ti ẹnu mi jáde.

Ara wa le ní Imasayi. Òjò pẹ́ kó tó rọ̀, àmọ́ ẹ̀gẹ́ ta dáadáa. Mo ti pààrọ̀ páànù orí ibi tí ẹ ti ń yan gààrí. Àga kékeré yín ṣì wà, èyí tí ẹ máa ń fi ògbólógbòó ìró wé kó má baà gún yín. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí.

Nígbà tí mo fi Ìlaròó sílẹ̀ wá gba iṣẹ́ yín ṣe, mo gba àáró yín náà mọ́ ọn. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ jọ ń ṣe é: ẹ̀yin, Màmá Déborà tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, àti Màmá Ẹfúnwùmí tó ń bọ Ọbàtálá. Bí ẹ̀gẹ́ ẹnì kan bá ti oko dé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó tì í, ẹ ó bó o tán lọ́jọ́ kan náà kó má baà bàjẹ́. Bó bá tún kan ẹlòmíràn, ẹ ó kó ọ̀bẹ yín lọ síbẹ̀. Ẹ kì í bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Sunday nítorí Màmá Déborà. Bí ẹ bá wà nínú ààwẹ̀, àwọn méjèèjì kì í mu omi lójú yín, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ Màmá Ẹfúnwùmí ni iṣẹ́ wà, ẹ kì í gbé oúnjẹ elépo lọ, torí òrí ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ nílé rẹ̀. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí ẹ fi ń pa èèwọ̀ òrìṣà mọ́. Ẹ ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń pa mọ́."

Ọjọ́ tí ẹ kú, nígbà tí wọ́n ń kírun sí yín lára, Màmá Ẹfúnwùmí bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn ògiri mọ́sálásí nínú oòrùn títí wọ́n fi parí. Mo rí i. Ó yẹ kí n máa rántí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá áfáà kankan lẹ́bi, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Lẹ́yìn tí mo padà sílé, mo wọ ẹgbẹ́ àsàlátù kan ní Ìlaròó tí mò ń lọ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn obìnrin tuntun. Ó dùn mọ́ mi nínú pé wọ́n ń pè mí ní olùkọ́. Ìgbà náà ni ìlẹ̀kẹ̀ funfun tó wà lọ́rùn Màmá Ẹfúnwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í ni mí lára. Bí mo bá jókòó tì í, ojú mi á máa wà lójú ọ̀nà, kí ẹni tó mọ̀ mí má baà kọjá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àáró kan Màmá Ẹfúnwùmí. Wọ́n ti wú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó kún àgbàlá. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì láti àsàlátù fẹ́ wá kí mi. Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ara mi le koko. Mo wọ aṣọ tuntun, mo se ìrẹsì.

A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ àgò lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Ẹfúnwùmí ni. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn wá, ó gbé ìkòkò àgbo ibà dání, ó ṣì ń rú èéfín. Erùpẹ̀ ẹ̀gẹ́ kún aṣọ rẹ̀. Ó wo aṣọ tuntun ọrùn mi, ó wo ẹnu mi tó ń dán fún òróró. Ó na àgbo náà sí mi. Mo gbà á, mo sì dúró dí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bi mí láti inú ilé pé, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Alágbo ni."

Màámi, kò tíì kúrò níwájú mi nígbà tí mo sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó ní, "Bá mi dá wọn dúró, ẹ̀yìn ń dùn mí. Màmá alágbo, ṣé ẹ ní ti ẹ̀yìn dídùn?"

Màmá Ẹfúnwùmí yíjú padà. Èmi ló wò. Ó ní, "Ó ti tán lónìí, ọmọ mi." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó bò mí láṣìírí nínú irọ́ tí mo pa mọ́ òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo da àgbo náà sẹ́yìn ilé. Mo ń sọ fún ara mi pé ta ló mọ òrìṣà tí wọ́n ti gbé e fún. Irọ́ tún nìyẹn. Ewé tíì àti ewé dóńgóyárò ni, mo gbọ́ òórùn wọn. N kò kàn lè mu ohun tó ti ọwọ́ ẹni tí mo sẹ́ wá ni.

Lọ́jọ́ yẹn, ẹni méjì péré ló wá ń bó ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí ẹni mẹ́ta bó. Ó rẹ Màmá Ẹfúnwùmí, ó sì ń kánjú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀bẹ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé àtàǹpàkò rẹ̀ dé eegun.

Àáró tèmi bọ́ sínú ààwẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí n ránṣẹ́ pè é. Ilẹ̀ mọ́, mo bá a nínú àgbàlá wa, ó fi aṣọ funfun wé ọwọ́. Kò lè bó ẹ̀gẹ́, ó wá ń fi ọwọ́ kan pọn omi, ó ń fọ èyí tí a bó, ó ń kó èèpo dànù. Oòrùn mú gan-an. Kò mu omi lójú mi. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bi mí pé, "Ṣé àgbo yẹn bá ẹ lára mu?"

Mo ní, "Ó bá mi lára mu, Màmá. Ẹ ṣeun."

Ẹnu ààwẹ̀ ni mo fi sọ ọ́. Màmá Déborà gbójú sókè, ó wò mí, ó tún tẹrí ba sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ní àsàlátù lórí ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Mo ka àdíìsì Ànábì tí ẹ máa ń sọ fún mi, pé ẹnikẹ́ni kò tíì gbàgbọ́ lóòótọ́ títí yóò fi fẹ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀ ohun tó ń fẹ́ fún ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì Màmá Déborà. Màmá Ẹfúnwùmí náà máa ń wí i, pé ẹni tó fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ mọ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ sì ń ṣe é. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà fún gbogbo ènìyàn ni n kò ṣe é. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo sì jókòó.

Nígbà tí mo dé ilé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá Ẹfúnwùmí. Mo jẹ́wọ́ ti ibà, ti àwọn àlejò àti ti àgbo tí mo dà nù. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ti ibà yẹn, ẹnu ọ̀nà rẹ ni mo ti mọ̀. Ti àgbo ni n kò mọ̀."

Mo bi í pé kí ló dé tó tún wá bá mi ṣiṣẹ́.

"Ìwọ ni àáró kàn. Ìyá rẹ kò pa tèmi jẹ rí. Bí èmi náà bá ní n kò wá mọ́ torí pé ìwọ kò wá, kí ló kù tí a jọ ní?"

Mo dúró kó sọ pé òun ti dárí jì mí. Kò sọ ọ́. Ó ní kí n dìde lọ ṣe ìṣínu.

Àtàǹpàkò rẹ̀ kò ṣeé ká mọ́. Èmi ni mò ń bó ìpín tirẹ̀ mọ́ tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀, á ní ọ̀bẹ ló yẹ̀. Kì í fi ọ̀rọ̀ mi kún un. Màámi, ṣé àánú nìyẹn, àbí ìjìyà mi ni? Ká ní ojú yín ni mo ti ṣe é, ṣé ẹ ṣì máa pè mí lọ́mọ?

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì, mo sọ òótọ́ fún wọn. Ọ̀kan kò gbé fóònù mi mọ́. Èyí tí ẹ̀yìn ń dùn wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo mú un lọ sí àgbàlá Màmá Ẹfúnwùmí, níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé, "Màmá yìí kì í ṣe alágbo. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Ojú wọn náà ni mo ti sẹ́ wọn."

Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ kí i. Màmá Ẹfúnwùmí wò ó, ó fi ọwọ́ kan fa àga sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ṣé o mọ̀ ọ́n bó?"

Kí Ọlọ́run bá mi tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ojú ṣì ń tì, tí ó fẹ́ràn yín púpọ̀.