Mo Lọ Bẹ Ìyàwó Àbúrò Mi

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́, Ìlaròó

Mo lọ, mo sì ti dé. Ọkàn mi balẹ̀.

Láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú nílé àbúrò mi ní Jọ́gà ni mo ti ń bínú sí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tóbi. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí pé kò tọ́jú Màmá. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé, “Èmi ni mo ní kó lọ sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo dá dìde.”

Láti ìgbà náà, Ọlọ́run nìkan ni mo ń bẹ̀. Ó rọrùn fún mi ju kí n lọ bá Ìyá Tóbi lọ.

Lẹ́yìn ìsìn òní, mo gun ọ̀kadà lọ. Mo rò pé yóò lé mi. Mo bá a tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀, ó sọ ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dì mí mú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi.”

“Mo ṣẹ̀ ọ́, Ìyá Tóbi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Ó ní, “Ó dùn mí gan-an, n kò ní purọ́. Mo ń gbàdúrà kí Ọlọ́run mú un kúrò lọ́kàn mi. Ó ti tán, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó wá fún mi ní ọ̀bẹ kan. A jọ bó ẹ̀gẹ́ náà tán, Màmá sì ń pàṣẹ fún wa láti orí àga wọn.

Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà kí n tó kọ èyí. N kò rí ẹ̀bẹ̀ kankan bẹ̀. Ọpẹ́ nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi.