Bàtà Òjò Màmá Agbẹjọ́rò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún 1946 ni wọ́n bí màmá wa, nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn kànga. Agbẹ́kànga ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Bàbá ń wá omi lábẹ́ ilẹ̀, ìyá ń wá ibi tí omi ìdọ̀tí máa gbà jáde. Màmá máa ń sọ pé àárín iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n bí òun sí, òun kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ní 1953, màmá wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlagi. Ariwo ayùn kì í jẹ́ kí ọmọ kíláàsì gbọ́ tíṣà, nítorí náà màmá tètè kọ́ bí a ṣe ń béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì láìtijú. Ìwà yìí ló di iṣẹ́ nígbà tó yá. Wọ́n kàwé òfin ní yunifásítì, wọ́n sì di agbẹjọ́rò ní 1971. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni ọ́fíìsì wọn: tábìlì, àga méjì, àti bàtà òjò aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tí ìjọba bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn pé ó kọ́lé síbi tí kò yẹ, tàbí pé ó da ìdọ̀tí sínú omi, ọ̀dọ̀ màmá ló ń sá lọ. Ṣùgbọ́n màmá kì í gba ẹjọ́ lórí àga. Wọ́n á ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná.” Bí òjò bá dé, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á dúró sórí ilẹ̀ náà, wọ́n á máa wo ibi tí omi ń gbà. Wọ́n gbà pé ènìyàn lè purọ́ fún agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n omi kì í torí ẹnikẹ́ni gun òkè.

Ẹjọ́ tí ẹbí wa kò lè gbàgbé ni ti aláró, ọ̀dọ́kùnrin kan, ní 1974. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn án: pé ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ fún odò, àti pé omi aró rẹ̀ ń ba odò náà jẹ́. Bí ó bá jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n á sì wó ibi tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń jẹun. Ó búra pé kòtò omi ìdọ̀tí òun kò jò, pé sìmẹ́ńtì ni òun fi rẹ́ ẹ. Màmá ní kò burú. Nígbà tí òjò rọ̀, wọ́n da aró pupa, èyí tí ọkùnrin náà kì í lò rárá, sínú kòtò, wọ́n sì jọ lọ dúró létí odò. Kò pẹ́ tí omi pupa fi yọ lábẹ́ gbòǹgbò igi kan, bí ẹni tó ń yọjú wo àlejò.

Aláró káwọ́ lérí. “Lọ́yà, ẹ̀yin tí mo ní kí ẹ gbà mí, ẹ̀yin lẹ wá mú mi!”

“Mi ò mú ẹ. Kòtò ẹ ló ń jò. Ta ló rẹ́ ẹ fún ẹ?”

“Èmi náà ni.”

“O káre, bíríkìlà. Dúró ti aró ẹ.”

Omi gbígbóná tó ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójoojúmọ́ ló ti la sìmẹ́ńtì náà. Wọ́n fi amọ̀ dí i, wọ́n sì gbẹ́ kòtò kejì, tí wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́, èédú àti yanrìn sí, kí omi máa sẹ́ kọjá níbẹ̀ kí ó tó jáde.

Nílé ẹjọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda aláró, màmá sọ fún adájọ́ pé kòtò jò lóòótọ́, wọ́n sì ṣàlàyé bí a ṣe tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí awọnlẹ̀ tí ìjọba mú wá jẹ́rìí lórí ẹ̀sùn ti ilẹ̀.

“Ọ̀gá awọnlẹ̀, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n?”

“Láti etí omi, Mà.”

“Omi ẹ̀ẹ̀rùn àbí omi òjò?”

Awọnlẹ̀ wo àjà. Ó wo bàtà òjò tí màmá gbàgbé láti bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. “Omi òjò ni, Mà. Odò ti kún nígbà yẹn.”

“Bí odò bá fà, ṣé ilé iṣẹ́ yìí á ṣì wà nínú ilẹ̀ rẹ̀?”

“Rárá, Mà.”

Bí ẹ̀sùn ilẹ̀ ṣe fọ́ nìyẹn, torí etí omi ẹ̀ẹ̀rùn ni òfin ní kí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n. Lórí ti omi, adájọ́ bu owó ìtanràn lé aláró, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ kòtò rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà òjò. Aláró kò rí ẹ̀wọ̀n. Láti ọjọ́ náà, màmá kò gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá ní tún ohun tó bà jẹ́ ṣe.

Awọnlẹ̀ yẹn ni bàbá wa. Bàbá máa ń sọ pé obìnrin tó lè da ìbéèrè bo òun báyẹn níta, kó kúkú wá máa bi òun nínú ilé. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1976. Ìbéèrè kò tán títí bàbá fi lọ ní 2011.

Onígbàgbọ́ ni màmá. Nígbà tí ìjọ fẹ́ kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí sórí gọ́tà, màmá dìde lẹ́yìn ìkéde: “Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà, omi kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ síbẹ̀.” Wọn kò kọ́ ọ síbẹ̀. Màmá tún kọ́ àwọn afọmọ́tò àti àwọn alágbàfọ̀ àdúgbò bí a ṣe ń to òkúta, èédú àti yanrìn, láìgba kọ́bọ̀.

Màmá sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 2024, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń wo òjò. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi àbúrò wọn obìnrin sílẹ̀, aránṣọ. Àkọ́bí wọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èkejì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àti àbígbẹ̀yìn tó jogún iṣẹ́ òfin pẹ̀lú bàtà òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàtà náà ń há a lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú, tí gbogbo wọn ń béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Aláró, tó ti di bàbá arúgbó báyìí, ní kí a ka òun mọ́ àwọn ọmọ. A kà á.

Bí a bá ń gbé màmá lọ, a ó gba orí afárá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ aláró kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dúró díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wo odò. Ẹ ó rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere.

Màmá, ilẹ̀ tí ẹ tọ́jú ti tẹ́wọ́ dúró dè yín. Kí ó rọ̀ yín lọ́rùn. Kí òjò máa rọ̀ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ bọ́ bàtà yín wàyí, ẹ sùn ire.