Etí Mi àti Ìlù Oníná

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń yá, orúnkún nìkan ló ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ wẹ́dà mi náà ń lọ.

Ṣé ẹ rántí ìlù oníná tí mo fi ń gba orin rọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní yàrá? Inú hẹ́dífóònù tí mo ń fi bo etí nìkan ló ti ń dún, kò dí aládùúgbò lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ jòjòló wa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìyàwó mi sáré wọlé: “Baba ọmọ, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?”

Mi ò gbọ́ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ hẹ́dífóònù ò sí létí mi.

Dókítà ní ariwo ìlù inú hẹ́dífóònù ló fà á: etí òsì ti lọ, ọ̀tún náà sì ti ń tẹ̀lé e. Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ orin tí mo fi ránṣẹ́ yìí, bóyá ìlù ti bo gìtá mọ́lẹ̀. Ẹ má parọ́ fún mi.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pàdánù ohùn ara wa.

Àbúrò yín.