Ìlà Kan fún Ojú Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn. Ara mi le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà le, ìyá àgbà ojúlé kejì ní kí n kí ẹ, ó ní o kò kí òun dáadáa lọ́jọ́ tí o ń lọ.

Fèrèsé dúdú tí o ṣí nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí o wálé kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Funfun ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, o wá kọ ìlà kan ṣoṣo, o pa á dé, o tún un ṣí, ni ọ̀rọ̀ bá ń yọ ní pupa, ní àwọ̀ ewé, ní àwọ̀ ọsàn. O ní àwọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún ibi tí o ti ń kọ̀wé pé fèrèsé náà lè gbé e yọ ni. O ní àwọ̀ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ta ló po gbogbo ọ̀dà yẹn? Ṣé kì í gbẹ? Nígbà tí o lọ wẹ̀, mo fimú sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, n kò gbọ́ òórùn ọ̀dà kankan.

Bàbá rẹ ló jẹ́ kí n máa béèrè. Akunlé bíi tirẹ̀! Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé ní kó kun ilẹ̀kùn méjì ní àwọ̀ ewé, ó kun ọ̀kan ní àwọ̀ ewé, ó kun èkejì ní pupa, ó sì dúró gbọin pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Látìgbà náà ni mo ti ń so òwú mọ́ ọwọ́ agolo ọ̀dà rẹ̀, kókó kan fún pupa, méjì fún àwọ̀ ewé. Ó ń fọwọ́ wá a, kò bi mí pé ta ló so ó, èmi náà kò sọ.

Mo wá rò ó pé bóyá kò sẹ́ni tó sọ fún ojú tirẹ̀ náà. Mo ń ka ìlà yẹn, èyí tí mo ní kí o bá mi kọ sórí ìwé kí o tó lọ, sí i létí láràárọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó dà bí ìwọ̀ ẹja. Mo ní kó pajú dé, kó tún un ṣí. Ó ní irú àdúrà wo nìyí. Ṣé òwúrọ̀ kọ́ ni wọ́n ń kà á ni?

Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, mo mú un lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní nǹkan funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀, pé wọ́n lè yọ ọ́, yóò sì ríran padà. Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ló sọ, àwọ̀ wà níbẹ̀, kò ráyè yọ ni. Inú mi dùn débi pé mo sunkún lọ́nà. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ bi mí pé ilẹ̀kùn yàrá rẹ, èyí tí òun kùn lọ́dún tí a bí ẹ, ṣé ó ṣì pupa. Mo ní ó pupa fòò.

Ọmọ mi, ó ti ṣá tipẹ́, ó ti dà bí eérú. Jọ̀wọ́ fi owó iṣẹ́ abẹ ránṣẹ́, kí o sì fi ti agolo ọ̀dà pupa kan lé e. Mo fẹ́ kun ilẹ̀kùn náà kí wọ́n tó ṣí i lójú, kó má baà jẹ́ pé irọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ rí.

Ire kò ní fo ilẹ̀kùn tìrẹ náà dá.

Èmi ni ìyá rẹ.