Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Cynthia

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Ẹ̀yìn Deco Road,
                                        Warri, Ìpínlẹ̀ Delta.
                                        Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá.

Ọláwùnmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa nílé ìwé? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Mo kí gbogbo ará Ìjẹ̀bú-Igbó o. Ara tèmi le. Ìníolúwa ọmọ mi náà wà, ó ṣì ń fi Píjìn dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Láti Sátidé tí a dìbò, bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ilẹ̀kùn báyìí, ṣe ni mo máa ń fò sókè. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù nítorí ọmọ á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

O mọ̀ pé láti ọdún méjìlélógún tí mo ti wà ní Warri, mi ò dìbò rí. Nígbà tí o wà níbí, o máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé káàdì ìdìbò mi kò wúlò ju kí n fi gba síìmù lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, Ọláwùnmí. Ẹja dídì tí à ń tà ní kóòdù rúùmù ò mọ ọjọ́ ìdìbò, ẹnì kan ní láti dúró tì í. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ti búra pé ó di dandan kí n tẹ̀ka. Alhaji Wàsíù ọ̀gá wa ti lọ síbi òkú ní Ìjẹ̀bú, iná ti lọ láti Ọjọ́rú, jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tí o mọ̀ yẹn ni à ń lò. Bí a ò bá bu omi sí i ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á kú, ẹja á sì rà. Èmi àti Cynthia ló wà níbẹ̀. Ọmọ Urhobo ni, láti Ekete, ẹ̀yìn tí o lọ ni wọ́n gbà á síṣẹ́. Ilé mi ló sùn ní Jímọ̀ nítorí pé ọkọ̀ ò ní rìn lọ́jọ́ kejì. A wá fẹnu kò pé òun á kọ́kọ́ lọ dìbò, bó bá dé, èmi náà á lọ. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni àwa méjèèjì ti máa dìbò, ìrìn ibẹ̀ ò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Alhaji ti kìlọ̀ pé kí a ti ilẹ̀kùn irin yẹn láti ìta, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé èèyàn wà nínú ilé, kí wọ́n má lọ sọ pé à ń tajà lọ́jọ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. O ṣáà rántí ihò tó wà lára ilẹ̀kùn náà, tí a máa ń ti ọwọ́ bọ̀ láti fi ti àgádágodo. Aago mẹ́sàn-án ni Cynthia tì mí mọ́nú ilé, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kò wá sí wa lọ́kàn rárá pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀. Mo tilẹ̀ ń ti inú ihò pariwo pé, "Cynthia, no go sleep for there o." Ó ní, "Aunty, I dey come now now."

Aago mẹ́wàá lù, kò dé. Mọ́kànlá lù. Mo pe fóònù rẹ̀, ló bá dún lórí páálí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti fi sílẹ̀ nítorí àwọn jáwójáwó tó ń já fóònù gbà. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ìbọn dún. Mo kọ́kọ́ rò pé jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe wàhálà. Ìkejì dún, ìkẹta dún, mo sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n ń sá kọjá. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó yìn ín. Mo pa gílóòbù, mo fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹja. Mo jókòó sórí páálí ẹja, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó tutù. Mo pe Alhaji. Wọ́n ní, "Bímbọ́lá, má jáde o!" Bí ẹni pé mo rí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà jáde!

Ìgbà yẹn ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn. "Abeg open! Who dey inside?" Ohùn obìnrin ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló tú mi fó. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi, mo ní, "Jésù, gbà mí o!" Bí obìnrin yìí ṣe gbọ́ Yorùbá, ló bá pa Píjìn tì. Ó di Yorùbá àwọn àgbàlagbà Ìlàjẹ. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ wọn. Wọ́n ní orúnkún àwọn ò lè sáré mọ́, kí n jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ihò yẹn.

Mo rí ọwọ́ náà, Ọláwùnmí. Ọwọ́ àgbàlagbà ni, àpá iná funfun kan wà láti ọrùn ọwọ́ dé ìka tó kéré jù, irú èyí tó máa ń wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yan ẹja ní Ugbuwangue. Ó ń tá ràrà, ó ń wá ọwọ́ mi. Ǹ bá dì í mú. Ǹ bá sọ pé, màmá, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, ẹ tètè gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi bo ẹnu ara mi. Mo ń rò ó pé bóyá àwọn jàǹdùkú wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà padà síta. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Cynthia tó dé, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, eruku bo gbogbo ara rẹ̀, tàdáwà ìdìbò wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Abẹ́ bẹ́ǹṣì ló fara pamọ́ sí nínú kíláàsì títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀ tí ìdìbò tún bẹ̀rẹ̀. A dì mọ́ra, a sunkún. Ó ní kí n tètè máa lọ, aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n máa parí. Mo ní mi ò lọ síbì kankan, kí wọ́n máa dìbò wọn lọ. Mo sì sọ ọ́ dénú. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tó mú káàdì ìdìbò kan nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkúnayọ̀ Akínyẹlé lorúkọ tó wà lára rẹ̀, àwòrán ìyá àgbà kan sì wà níbẹ̀. Ó ní láti jẹ́ ti màmá tó gbá ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá wà láàyè, wọ́n á máa wá káàdì yìí. Bí wọn ò bá sí láàyè ńkọ́? Mo gba káàdì náà, mo mú tèmi, mo jáde. 

Èèyàn ò pọ̀ mọ́ nílé ìwé náà. Ìyá kan dúró níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, àwọn yẹn sì ń sọ pé kò sí káàdì, kò sí ìbò. Mi ò wo ojú wọn, ọwọ́ wọn ni mo wò. Mo kúnlẹ̀, mo fún wọn ní káàdì. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wá béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹja ni. Wọ́n wò mí.

"Ìwọ lo wà nínú ilé yẹn."

"Èmi ni, màmá. Wọ́n tì mí mọ́lé ni, kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé àwọn ti sọ fún ara àwọn pé ọmọ tó ń sọ èdè àwọn ò ní gbọ́ ohùn àwọn kó má ṣílẹ̀kùn. A tò tẹ̀ lé ara wa, a dìbò ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò jẹ́ kí n dá lọ. Ọwọ́ tó ní àpá iná yẹn ni wọ́n fi di ọwọ́ mi mú títí a fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Lánàá, wọ́n fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí mi. Ìníolúwa ló jẹ ẹ́. Èmi ò fọwọ́ kàn án.

Òótọ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi àti ìwọ kì í parọ́ fún ara wa. Ká ní kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ mi, n kì bá tí ṣí i. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nìyẹn, ó ju ìbọn lọ.

Alhaji dé láàárọ̀ yìí, mo ní mi ò jókòó sínú ilé yẹn mọ́ láìjẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gé e fún mi. Ó wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mo rò pé ẹ̀rù náà á dínkù, ṣùgbọ́n ṣe ló ń pọ̀ sí i. Ní Sátidé, mo ní àwáwí. Bí ọwọ́ mìíràn bá tún gba inú ihò yẹn wọlé, kí ni mo fẹ́ sọ?

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kúnlẹ̀ kí màmá. Má ka ìwé yìí sétí ẹnikẹ́ni. Bí o bá sì ń gbàdúrà, gbà á fún mi pé kí n lè ṣí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ò fi nǹkan pa mọ́ fún ọ,
Bímbọ́lá.