Gìgísẹ̀ Sílípáàsì Tó Gba Ajá Yín Là

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó dáadáa níbi tẹ́ ẹ wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fáwọn ẹgbẹ́ yín níbẹ̀, wọ́n á ní irọ́ lẹ kó bọ̀ láti ayé. Sílípáàsì ló gba Tanímọ̀la lọ́wọ́ ikú. Bẹ́ẹ̀ ni, ajá yín. Ó wà lẹ́sẹ̀ mi báyìí, ó ń họra.

Ṣé ẹ rántí rọ́bà kékeré tẹ́ ẹ máa ń kì sábẹ́ òòlù ìbọn yín, kí òòlù má baà já lu kápù tó ń ṣáná sí ẹ̀tù? Ẹ fi okùn so ó mọ́ ìdí ìbọn. Ẹ kì í yọ ọ́ àfi tójú yín bá ti bá ẹran. Gìgísẹ̀ sílípáàsì mi lẹ gé fi ṣe é. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á fún mi l'Ówódé ni o. Títí sílípáàsì yẹn fi já ni wọ́n ń pè mí ní Atiro nídìí omi. Ó máa ń wù mí kí n bi yín: kí ló dé tó jẹ́ tèmi? Kí ló ṣe tiyín?

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, àbúrò yín, Bàbá Kékeré, gba ìbọn. Ó nù ún, ó fi epo pa á. Ó wo rọ́bà yẹn, ó ní ó ń jẹ́ kí ìbọn jọ ti aṣapàǹtí, ló bá já a dànù. Ó rọ ẹ̀tù àti ọta sí i, ó fi kápù lé e, ó gbé e kọ́ ìṣó lójúde, ó ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀ kóun tó lọ igbó.

Òbúkọ wá ń fi ẹ̀yìn họ ara mọ́ ògiri. Ìbọn já bọ́. Gbòà. Ìyá Sikirá, aládùúgbò wa tó ń yan gàrí, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè koná ni. Ọta gba òkè orí rẹ̀ kọjá, ó lu abọ́ gàrí, gàrí fọ́n ká. Ká ní ó nàró ni, ẹ̀yin lẹ bá kí i káàbọ̀.

Bàbá Kékeré jí, ó wo ìbọn, ó wo ajá. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ògún lebi ń pa. Ajá ló ń bèèrè." Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n á fi í bọ Ògún. Tanímọ̀la ń jùrù sí wọn, kò mọ̀ pé ìpàdé òun ni.

Mo ní, "Bàbá Kékeré, rọ́bà tẹ́ ẹ já ló fà á."

Ó ní, "Ìwọ tó ò tíì mọ ọbẹ̀ sè, ìbọn lo wá mọ̀?"

Mo fi ẹní di ìbọn, mo gun ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ l'Áyétòrò. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró, wọ́n ní ṣé ìrẹsì ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì kì í gùn báyìí. Ìbọn bàbá mi ni, ara rẹ̀ ò yá." Wọ́n tú u, wọ́n rí i bó ṣe gbó tó, wọ́n ní ká máa gbé aláìsàn wa lọ.

Alágbẹ̀dẹ fọwọ́ kan eyín irin kékeré tó yẹ kó di òòlù mú. Ó ti jẹ tán, ó dán bí èrìgì ọmọ tuntun. Ó ní, "Tí adìẹ bá sín nítòsí èyí, ó máa yìn. Kí ni bàbá yín ń kì sí i?"

Bàbá mi, ibẹ̀ ni mo jókòó sílẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ẹ mọ̀. Ọ̀kánkán ibi tí mò ń sùn lẹ máa ń gbé ìbọn yẹn kọ́. Ṣé ìdí tẹ́ ẹ ṣe gé tèmi nìyẹn? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?

Alágbẹ̀dẹ ní òun á bá mi rọ eyín tuntun, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ ò tíì sí nílẹ̀. Mo gba kápù lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gba ẹ̀tù.

Ọjọ́ pé. Wọ́n so Tanímọ̀la mọ́ ìdí ọsàn. Ìyàwó Bàbá Kékeré ti lọ ata, ó ti bù ú síkòkò. Mo gbé ìbọn jáde, mo fi kápù lé e, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, mo jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Tà. Gbogbo àgbà fọ́n ká. Ẹ̀yìn ilé la ti pe Bàbá Kékeré padà. Mo fi kápù mìíràn lé e, mo ki rọ́bà sábẹ́ òòlù, mo tún jù ú sílẹ̀. Kò fọhùn. Mo fi ọmọ odó lu ìdí rẹ̀. Kò fọhùn. Mo ní ó yá, kí òbúkọ náà wá gbìyànjú.

Bàbá Kékeré wo rọ́bà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Sílípáàsì òsì ò ní gìgísẹ̀ mọ́. Látàárọ̀ ló ti ń tiro, ó rò pé orúnkún ló ń dun òun.

Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n a ti pe Ògún, a ò lè pè é tán ká fi ọwọ́ òfo hàn án. Àwọn àgbà tún ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo okùn lọ́rùn Tanímọ̀la.

Ìyá Sikirá gbé abọ́ tí ọta dá lu síwájú wọn. Ó ní, "Èmi lọta fẹ́ pa. Mi ò rí Ògún, òbúkọ ni mo rí. Ògún kì í lọ ata sílẹ̀ de ẹran. Bàbá Kékeré, ọ̀fun yín ló ń pe ajá."

Àwọn àgbà dé fìlà, wọ́n gbalé lọ. Mo tú okùn.

Èmi ni, Atiro yín, tó fẹ́ràn yín, tó sì ti fi ọ̀rọ̀ sílípáàsì jì yín.