Kọ́nà Ẹ̀gbẹ́ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ṣọ́ọ̀bù Delphia,
Ọ̀nà Kẹtàdínlógún,
Pigeon Fork, Kentucky.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Verlon, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Mo lérò pé òtútù Michigan ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ sì ti fúyẹ́. Ara tèmi le. Hobart ọkọ mi wà bó ṣe wà: ó ń jẹun, ó ń ráhùn.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀: ọ̀nà ò ní gba orí Màmá kọjá mọ́.

O mọ ọ̀nà wa. Láti etí odò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èèyàn sọdá láyé ìjọ́un, yóò gun òkè, yóò ṣẹ́ kọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kóòtù. Ipa ẹsẹ̀ ìbaaka ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ebi pa gbogbo ìlú, tí ìjọba ní kí àwọn ọkùnrin wá fọ́ òkúta gbowó oúnjẹ, àwọn Bàbá àgbà ló sọ ọ́ di títì. Wọn ò gbà kó gba inú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló bí kọ́nà náà. Ẹ̀yìn ogun ni wọ́n tó da ọ̀dà sí i.

Ìjọba wá ní àwọn fẹ́ na ọ̀nà náà tààrà. N ò kọ́kọ́ bínú, torí ọ̀nà tó bá dán, oníbàárà ló ń kó wá. Àfìgbà tí mo rí èèkàn tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀: ibi tí Màmá sùn sí gan-an ni wọ́n gbà.

Ẹ̀bi tiwa ni. Òtòṣì ni àwa. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkú wa ò ní ju òkúta oko lásán lórí. Nígbà tí ẹ̀rọ agékoríko tuntun dé, Hobart àtàwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì kó gbogbo òkúta tí kò ní orúkọ lára lọ sẹ́bàá ọgbà, kí ẹ̀rọ lè ríbi kọjá. Mo ní, "Hobart, ṣé koríko lẹ fẹ́ gé ni àbí òkú lẹ fẹ́ lé?" Ó ní, "Ṣebí a mọ ibi tí wọ́n wà." Àwa mọ̀, ìjọba ò mọ̀.

Mìsì Paquette, ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá wọnlẹ̀, ní koríko lásán lòun rí. Mo nawọ́ síbi tí Màmá wà, ó ní ìnawọ́ ò tó ẹ̀rí. Mo ní kó wá jẹun pẹ̀lú wa lọ́jọ́ Ìsinmi tí a ń tún ibojì ṣe. Ó ní òun kì í gba rìbá. Mo ní, "Ọmọ mi, adìẹ díndín ni mo pè é."

Ó wá. O mọ bí a ti ń ṣe é: tí a bá roko tán, tí a fi òdòdó lélẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan á tẹ́ aṣọ sí ẹsẹ̀ òkú tirẹ̀, á jókòó jẹun níbẹ̀. Mìsì Paquette gba abọ́ tirẹ̀, ó jókòó sórí koríko tó ṣófo. Ni Àǹtí Zella bá figbe ta: "Dìde, dìde! Orí ọkọ mi lo jókòó lé! Èmi gan-an ò tó bẹ́ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀!"

A rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ náà ti fò dìde, itan adìẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò yí ká. Aṣọ wa tò lọ bí ibùsùn ọsibítù, èèkàn wọn sì gba àárín gbùngbùn. Ó sáré lọ sídìí mọ́tò, ó kó àsíá kéékèèké wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde o! Kí ẹnikẹ́ni má dìde!" Ó ń gún àsíá mọ́lẹ̀ níwájú aṣọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó bi mí pé ta ni. Mo ní, "Ìyá mi. Àbúrò mi ṣì ń rá nígbà tó lọ."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ibi tí àsíá wà, èèyàn wà níbẹ̀. Àná ni Mìsì Paquette fúnra rẹ̀ wá sọ fún mi: kọ́nà ò ní kúrò. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ sápá òkè, wọ́n á sì fi irin dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí mínírà, mo sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà mo ta epo mọ́tò fún un. N ò dín kọ́bọ̀ kan kù.

Hobart ti ń kó òkúta padà. Ìbàdí ń ro ó. N ò bá a kẹ́dùn.

Kí Olúwa ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ohun tí o fi ọwọ́ rẹ kọ́ kò ní wó lójú rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó tọ́ ọ,
Delphia.

Mo tún rántí: lọ́dún tó ń bọ̀, wá jókòó síbi tìrẹ lórí aṣọ lẹ́sẹ̀ Màmá. Rọra wa mọ́tò bí o bá dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ́nà ṣì wà níbẹ̀.